Ìrìn-àjò Ọdẹ́bùnmi Nínú Igbó Àárín Yàrá Méjì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Kí ẹni tí àyà rẹ̀ kò gbà jókòó sáàárín, kí ẹni tó láyà jókòó séti, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi Ọdẹ́lékè tí mo fẹ́ sọ ọ́ gan-an, bí mo bá rántí rẹ̀ lójú oko, ń ṣe ni mo máa ń bojú wẹ̀yìn. Ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í ṣe ojo. Ẹfọ̀n ti lé mi rí, mo dúró dè é. Mo ti sùn nínú ihò àpáta tí ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ sùn níbẹ̀ kò ní orí. Igbó méje ni mo ti wọ̀, kò sì sí èyí tí n kò ti mú ẹran jáde. Àmọ́ igbó tí Ọdẹ́bùnmi ọmọ Ọdẹ́dìran wọ̀, n kò wọ̀ ọ́ rí, n kò sì ní wọ̀ ọ́. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi nígbà tó ń sọ ọ́, ohun tí mo sì rí ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n jiyàn.

Ọdẹ́dìran baba rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ dẹ̀gbẹ́ ní ìlú Elésùnsún títí irun wa fi funfun. Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró kì í yìnbọn, ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá yìnbọn tí Àwẹ̀ró kò kì í, ó dà bí ẹni pé kò pa nǹkan kan. Òun ló mọ oríkì ilé ọdẹ mọ́kànlá tó wà ní ìlú wa, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dá iná sí Elésùnsún títí dé orí ọmọ tí a bí lánàá, ó sì ti ṣèlérí fún ilé kọ̀ọ̀kan pé òun kò ní gbé tiwọn wọ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, Ọdẹ́bùnmi gbé kọ̀ǹpútà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyá náà sì ń sọ oríkì sínú rẹ̀, ilé kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ọjọ́ kejìlá kò bá a láyé.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni iyè Ọdẹ́dìran bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi àdá sí. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé orúkọ mi, èmi tí mo gbé e lẹ́yìn jáde nínú igbó lọ́jọ́ tí paramọ́lẹ̀ bù ú ṣán. Nígbà tó yá, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní "ìyá yìí", ó ń dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àlejò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní, "Ìyá yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè mí?" Ọdẹ́bùnmi sọ fún un. Ó mi orí, ó ní orúkọ náà dára, ó ní ta ló ni ín.

Ọdẹ́bùnmi wọ ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún, ó nu ojú, ó sì rántí ohùn ìyá rẹ̀. Ó ní bí baba òun kò bá gbọ́ tòun, bóyá yóò gbọ́ ti aya rẹ̀. Ó lọ tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ní yàrá ìyá. Òjò ti jò sí i lára lọ́dún tó kọjá. Ó ti tú u palẹ̀ nígbà náà, ó sá a gbẹ, ó sì tún Línúùsì gbé sínú rẹ̀ láì fọwọ́ kan ibi tí ohùn ìyá wà. Línúùsì yìí, òun ló pè é ní ẹ̀mí tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ méjèèjì, tàtijọ́ àti tuntun. N kò bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà òjò náà ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ti lè fọhùn mọ́, ihò tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀ lára rẹ̀ sì ti kú. Lọ́jọ́ yìí, bó ṣe tàn án, ó gbọ́ ìró kan nínú rẹ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí eku ń họ igbá. Ó mọ ìró náà. Ibi tí ohùn ìyá wà ló ń jẹra lọ. Bí ìró náà bá dákẹ́, ó parí.

Ọ̀nà kan ló kù. Wáyà kan ti yàrá ìyá gba inú ògiri lọ sí pálọ̀, níbi tí ráútà wà, àpótí pẹlẹbẹ tó ń ṣẹ́jú iná wínníwínní, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tuntun ti ń gba tirẹ̀. Ọdẹ́bùnmi jókòó ní pálọ̀, ó ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ìyá pé kí ó kó fáìlì oríkì mọ́kànlá náà wá. Èsì tó rí ni pé kò sí ọ̀nà débẹ̀. Ó tún un ṣe. Kò sí ọ̀nà débẹ̀. Òòrùn gorí òrùlé, èsì náà kò yí padà, kẹ́-kẹ́-kẹ́ sì ń bọ̀ láti yàrá kejì.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ wáyà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bóyá yóò bá ibi tó ti já. Wáyà náà wọ inú ihò kan lára ògiri, ihò tí kò ju ẹnu ìgò lọ. Ó ki ìka bọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tútù kan fẹ́ jáde, ó sì tún fà padà, bí ìgbà tí ẹni tó sùn ń mí. Kí ó tó yọ ìka, ihò náà ti gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó gba ìgúnpá, ó gba èjìká. Ó fẹ́ pariwo, ariwo náà ṣáájú rẹ̀ wọ inú ihò.

Nígbà tó lajú, inú igbó ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí bí ẹni tó ń purọ́, ẹ fara balẹ̀. Ògiri tó la yàrá méjèèjì níyà, ènìyàn lè gbé etí lé e kó gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà lódìkejì. Àárín rẹ̀ náà ni igbó wà, bí o bá sì fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó jìn ju Elésùnsún sí etí òkun lọ. Kò sí òòrùn níbẹ̀, kò sì ṣókùnkùn. Igi ibẹ̀ kò ní ewé. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dúdú, ara wọn ń dán bí awọ ejò, ojú kéékèèké sì wà lára wọn tó ń ṣẹ́, òmíràn àwọ̀ ewé, òmíràn àwọ̀ ọsàn. Bí Ọdẹ́bùnmi bá gbé ẹsẹ̀, gbogbo ojú náà á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá dúró, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn. Ẹyẹ kan kò ké. Èmi ìbá ti yìnbọn fọ́ ojú mẹ́ta mẹ́rin nínú wọn kí àwọn yòókù lè mọ irú ẹni tó dé, àmọ́ sísọ́ọ̀sì kékeré kan ni Ọdẹ́bùnmi ní lápò. Ó yíjú wẹ̀yìn, ihò tó bá wọlé kò sí mọ́. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ìró kan ṣoṣo ló mọ̀, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ó dojú kọ ọ́, ó ń lọ.

Kò pẹ́ tó fi dé etí ọ̀gbun kan. Okùn mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe afárá orí rẹ̀, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti já láàárín, wọ́n ń fì dirodiro. Òkété kan jókòó sí ẹ̀bá rẹ̀, ó tóbi tó màlúù, ó ń jẹ ẹnu ìkángun okùn bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ọdẹ́bùnmi kí i. Òkété náà ní òun ló jẹ afárá náà, ó ní ó dùn, ó ní bí òun bá ti jẹ okùn tán, ẹni tó bá wá gun afárá ló kù tí òun máa ń jẹ. Lẹ́yìn náà ó pa àlọ́ fún un.

"Mẹ́jọ ni wọ́n, wọ́n ń rìn bí ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá jókòó sípò ẹlòmíràn, gbogbo wọn di òkú. Kí ni?"

Ọdẹ́bùnmi wo okùn náà. Ó ti dì wọ́n rí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú nínú wáyà. Ó ní àwọn okùn náà ni. Òkété ní ó gbà á, ó ní kí ó so wọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n bó bá ṣi ọ̀kan so, afárá yóò yí i dà sínú ọ̀gbun, òun á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a níbẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó ń mí sí i lọ́rùn. Ọdẹ́bùnmi na ọwọ́ sínú ọ̀gbun, ó fa okùn èkínní, ó bá a tí ó gbóná bí irin àgbẹ̀dẹ. Kò gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀. Ó ń ka àwọ̀ wọn síta bí ọmọ iléèwé: ọsàn abilà, ọsàn, ewé abilà, aró, aró abilà, ewé, amọ̀ abilà, amọ̀. Nígbà tó so ìkẹjọ, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó sára okùn. Gbogbo ojú tó wà nínú igbó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí sí àwọ̀ ewé, afárá sì le gbagidi. Ẹ mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èyí ti dàgbà, kò sì ní ọmọ, ebi ló ń pa á. Bí Ọdẹ́bùnmi ti ń sáré gorí afárá ló ń gbọ́ tí ó tún ń jẹ nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wò ó.

Òdìkejì afárá ni ìlú kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò ní orúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́, ó wà níwájú orí wọn. Ní àràárọ̀ ni ọba wọn ń pín nọ́ńbà fún wọn, ẹni tó jẹ́ mẹ́wàá lánàá lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún lónìí, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bi Ọdẹ́bùnmi léèrè nọ́ńbà rẹ̀. Ó dárúkọ fún wọn. Wọ́n wo ara wọn bí ẹni tó gbọ́ ikọ́. Ọ̀kan fi ìka tútù kan iwájú orí rẹ̀, nọ́ńbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbẹ̀. Bí ó ti ń yọ ni Ọdẹ́bùnmi ń gbọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń ti inú rẹ̀ jò lọ. Ó fẹ́ rántí orúkọ baba rẹ̀, ó bá ààbọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù tó bà á níbẹ̀ ju ti òkété lọ, nítorí òkété, ènìyàn lè sá fún un. Ó ní, "Baba mi ń gbé ìlú yìí láti ọdún tó kọjá, mi ò mọ̀."

Ó sáré. Mọ́kàndínlógójì ni nọ́ńbà kọ̀ǹpútà ìyá nígbà tó gbé e kalẹ̀, ó wá ilé mọ́kàndínlógójì rí, ó kan ilẹ̀kùn. Ohun tó jáde kò ní ojú, kò ní imú. Ẹnu ni láti òkè délẹ̀, ó sì ń gbé gbogbo ohun tó bá fò kọjá mì. Ọba ti pín nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn láàárọ̀. Ọdẹ́bùnmi ṣubú sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn lórí ìdí, ẹnu náà gbé gèlè rẹ̀ mì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó wá di pé kò mọ ilé tí yóò yà sí mọ́. Ìlú náà kún fọ́fọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìyá. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣe, ìyẹn náà sì lè pa á: kí ó dúró láàárín ìlú, kí ó pariwo sí gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ ewu tó wà nínú kí ènìyàn pariwo nínú igbó tí kò mọ̀. N kò ṣe é rí, ìdí nìyẹn tí mo fi dàgbà. Ọdẹ́bùnmi ṣe é. Ó dúró sí gbàgede, ó ní kí ẹni tó bá gbé ohùn Àwẹ̀ró pamọ́ sọ ibi tó wà. Gbogbo orí yí sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá bá a láti ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn kò yára, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìka àkọ́kọ́ fẹ́ kàn án ni ohùn tínínrín kan ti òkè ìlú dáhùn pé, "Èmi ni. Mẹ́tàdínláàádọ́ta." Ọdẹ́bùnmi wọ abẹ́ apá wọn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu nọ́ńbà iwájú orí rẹ̀ kí ó tó gbẹ, ó sì ń pe orúkọ ara rẹ̀ bó ti ń sá lọ, Ọdẹ́bùnmi, Ọdẹ́bùnmi, bí ẹni ń pe ọmọ tó sọnù.

Mẹ́tàdínláàádọ́ta wà lẹ́yìn ògiri kan tó jẹ́ kìkì iná. Ilẹ̀kùn ara rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin ó lé díẹ̀, gbogbo wọn ló tì. Ọdẹ́bùnmi mọ̀ pé ìkejìlélógún ni tòun. Ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn tó ń lo Línúùsì máa ń bá wọlé sọ́dọ̀ ara wọn. Ó kan án. Wọn kò ní kó wọlé, wọn kò ní kó má wọlé. Ó tún un kàn, ó dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ilẹ̀kùn tó bá ní "rárá" fún ọ, ó fẹ́ràn rẹ, nítorí o lè padà sílé. Èyí kò sọ nǹkan kan. Ó ń retí, ó ń retí, kẹ́-kẹ́-kẹ́ ń rẹlẹ̀ sí i lódìkejì, ìgbà tó ṣe ni ó kíyè sí àwọn òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òpó náà ní ọwọ́. Gbogbo ọwọ́ náà ló wà lókè, wọ́n ṣẹ́ ìka kó bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò lè gbé èyí òsì mọ́.

Ó sunkún níbẹ̀. Omijé tó wà lójú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó tètè rí i pé wọ́n kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn, àti pé ìkọ̀wé náà jọ tirẹ̀. Ó nu ojú, ó kà á: má ṣí i fún ẹnikẹ́ni, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Òun ló kọ ọ́. Lọ́jọ́ tó tún kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó ti bẹ̀rù kí olè má lọ fọwọ́ kan ohùn náà, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó sì gbàgbé. Ó fi ojú kan ilẹ̀kùn gbígbóná náà, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé òun lòun pàṣẹ, òun lòun sì ń ká a kúrò, fún ara òun nìkan.

Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà fọhùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ jọ ohùn Ọdẹ́bùnmi gan-an. Ó ní, "Ẹ̀rù tó bà ọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fi ń ṣọ́nà."

Ilẹ̀kùn ìkejìlélógún ṣí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì tú sílẹ̀.

Yàrá ìyá rẹ̀ ló rí, bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì, àga tí a gbé aṣọ kọ́. Àwẹ̀ró jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọdẹ́bùnmi ti fẹ́ ṣubú lù ú kó tó rí ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ àbàjà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, a jọ mọ̀ ọ́n. Ti ẹni tó jókòó yìí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pọ̀, wọ́n ti iwájú orí dé ọrùn, wọ́n lọ́ mọ́ra. Ohùn kan sì ń ti òkè àtérígbà sọ̀rọ̀: "Ẹni tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ti jókòó sípò rẹ̀ tó ń dè ọ́. Sá lọ."

Gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti yíjú ká tó sọ fún un. Àmọ́ bó ti fẹ́ sá ló rántí pé nígbà tó tún Línúùsì gbé sínú kọ̀ǹpútà náà, kọ̀ǹpútà kọ ilà tuntun, bí gbogbo wọn ti ń ṣe nígbà tí a bá tún wọn bí. Ó ti kọ ilà náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ náà, ó sì ti kà á títí ó fi mọ́ ọn lórí. Bí ti ojú yìí bá bá a mu, ìyá rẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ohun tó gba ojú ìyá rẹ̀ wọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe mọ̀ láì sún mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ìka tó ti bó kan ilà àkọ́kọ́, ó di ojú, ó ń tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n sínú. Ẹni náà kò mí. Ilà kan kò yàtọ̀, títí dé ọrùn.

Nígbà tó lajú, ẹni náà ń wò ó, ó sì béèrè ẹni tó jẹ́. Ọdẹ́bùnmi dárúkọ. Ẹni náà béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí Àwẹ̀ró fi ti àpótí rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi sọ ọ́ sí i létí. Kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì bi í.

"Mọ́kànlá ni igbá tó wà níhìn-ín," ni ìyá náà wí. "Mẹ́wàá kéré, ti ilé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ baba rẹ ni. Ìkọkànlá tóbi, ti baba rẹ ni, nítorí òun ni mo mọ̀ jù. Ilẹ̀ yàrá yìí ti jẹra. Ó lè gba pé kí o gbé mẹ́wàá jáde, tàbí ọ̀kan ńlá yẹn. Kò ní gba méjèèjì."

Ọdẹ́bùnmi wo ilẹ̀, ó rí i pé ó ń já lọ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń ró kẹ́-kẹ́-kẹ́, dúdú ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kò ronú kan nǹkan ńlá kan. Baba òun tó ń béèrè orúkọ ara rẹ̀ lòun rí. Ó gbá igbá ńlá náà mọ́ra, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ àwọn igbá kéékèèké náà, ohùn ìyá rẹ̀ nínú wọn, ó ń kí ilé Ọdẹ́gbàmí, ó ń kí ilé Ọdẹ́níyì, ó ń kí ilé èmi Ọdẹ́lékè. Ìyá rẹ̀ kò kú tán kó tó mú ìlérí yẹn ṣẹ. Ó gbé ti baba rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò mí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi: ọwọ́ tó bó yẹn ló gbé baba ńlá yín jáde.

Ó ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń yí lọ gba orí afárá lọ sí pálọ̀. Lórí ìkeje, iná gbogbo igbó kú pii, ọ̀nà dúró. Ó rò pé òun á tún bẹ̀rẹ̀ látorí èkínní. Nígbà tí iná padà, ó ṣírò èyí tó ti lọ, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé, kò gbé ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìkẹwàá yí kọjá, ilẹ̀ tó kù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹní kan lọ. Ó bojú wẹ̀yìn, igbá baba rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí fún un pé kí ó má ṣe é. Ó fo ibi tí ilẹ̀ ti já kọjá. Ó di igbá náà mú létí, ó fà á, ó sún un sójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìgbà tó yí dé ìdajì ni ìró kẹ́-kẹ́-kẹ́ dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, n kò mọ irú ìdákẹ́rọ́rọ́ tó jẹ́. Ó ní òun kò gbọ́ ìmí ara òun. Ìyá, bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ lọ, òun náà sì ń já bọ̀.

Ilẹ̀ pálọ̀ ló ti bá ara rẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì wà nínú ihò ògiri, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òòrùn kò tíì kúrò lórí òrùlé. Ó sáré sí yàrá ìyá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti dúdú, kò sì tàn mọ́ títí dòní. Ó padà sí tuntun. Ó bá fáìlì mọ́kànlá níbẹ̀. Ó wọ̀n wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá pé, kò dín kan. Ìkọkànlá kò ju ààbọ̀ lọ.

Ó lọ mú baba rẹ̀ lọ́wọ́ wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tẹ kọ̀ǹpútà kí ohùn náà jáde. Ẹ̀rù bà á ju ti inú igbó lọ, nítorí bí èyí kò bá ṣe é, kò sí òmíràn. Baba jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún bí àlejò. Ohùn Àwẹ̀ró jáde nínú kọ̀ǹpútà, ó ń kì í lọ, láti orí baba ńlá rẹ̀. Baba ń gbọ́, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ohùn náà ń bọ̀ títí ó fi dé ibi tó ti ní:

"Ọmọ a-wọgbó-má-ṣẹ́-igi,
Baba rẹ yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, igbó mì títí,
Wọ́n ní ẹran wo ló pa,
Ó ní kì í ṣe ẹran lòun wá pa..."

Ó dá gé síbẹ̀. Ọdẹ́bùnmi bo ojú. Ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohùn gbígbẹ kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní:

"Ọ̀nà ilé lòun ń wá."

Kò dúró. Ọdẹ́dìran ń kì í lọ, ó gbé ojú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lórúnkún, ó ń bá a lọ láti ìran dé ìran, gbogbo èyí tó ṣègbé sínú igbó yẹn, kò fo ẹyọ kan. Ọdẹ́bùnmi na ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó tẹ kọ̀ǹpútà pé kí ó máa gbà á sílẹ̀. Baba kì í títí ó fi dé orí ara rẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀, Ọdẹ́dìran ọkọ Àwẹ̀ró, ó sì dákẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá yìí, ta ni obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

Ọdẹ́bùnmi ní ìyàwó rẹ̀ ni.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ó mọ̀ mí."

Ibi tí mo bá ọmọ náà dé nìyẹn, n kò fi iyọ̀ kún un. Ẹ dìde ńlẹ̀, kí ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà lókè eèpẹ̀ yà kí i kó tó wọlé.